Irun Tó Ń Já, Orí Tó Ń Pá: Ìbéèrè Tó Yẹ Kó Ṣáájú Oògùn

Nígbà tí ènìyàn bá sọ pé "irun mi ń já," gbólóhùn kúkúrú yìí lè dúró fún nǹkan mẹ́ta tí kò bá ara wọn tan. Ó lè jẹ́ pé irun náà ń kán láàárín, tí ìdí rẹ̀ ṣì wà nínú awọ orí. Ó lè jẹ́ pé ó ń bọ́ tìdítìdí, tí òmíràn yóò sì hù níbẹ̀ bó pẹ́ bó yá. Ó sì tún lè jẹ́ pé ihò tí irun ń gbà jáde gan-an ló ń kú lọ, tí ohunkóhun kò fi ní hù níbẹ̀ mọ́ láéláé. Ìtọ́jú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jọra rárá. Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń náwó sórí ọṣẹ, òróró àti hóró oògùn fún oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan gbáko kí wọ́n tó bi ara wọn léèrè èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ṣe wọ́n, bẹ́ẹ̀ sì rèé, èyí tó ń pa ihò irun kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò gba owó. Ẹ mú ọ̀kan nínú irun tó há sára òòyà yín, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì wo ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Bí ẹ bá rí kókó funfun kékeré kan bí orí abẹ́rẹ́ ní ẹnu kan, irun yẹn bọ́ láti ìdí, ìgbà rẹ̀ ló pé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rí kókó yìí, àyà wọn á sì já, wọ́n á ní gbòǹgbò irun ló ti fà tu. Kì í ṣe gbòǹgbò. Ihò tó ti jáde ṣì wà nínú awọ níbi tó wà. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí kókó kankan, tí irun náà kúrú, tí ẹnu rẹ̀ sì rí jágajàga tàbí tó là sí méjì, kíkán ló kán. Kẹ́míkà tí a fi ń na irun, èròjà tí a fi ń pa á láró, iná tó gbóná jù àti fífi agbára ya irun tó ti lọ́ pọ̀ ni ó sábà máa ń fa kíkán. Ẹni tí irun rẹ̀ ń kán kò nílò oògùn tó ń mú irun hù, nítorí irun rẹ̀ ń hù bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn tó ti jáde tán ni a ń bà á jẹ́.

Mélòó ló yẹ kó bọ́ lóòjọ́?

Irun tó wà lórí àgbàlagbà tó nǹkan bí 100,000. Ìkọ̀ọ̀kan wọn ló ní ìrìn àjò tirẹ̀: yóò máa dàgbà fún ọdún 2 sí 6, ní ìwọ̀n bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lóṣù, lẹ́yìn náà, yóò fi ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta dáwọ́ ìdàgbà dúró, yóò sì sinmi fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí ó tó bọ́, kí tuntun tó ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀ lè gba ipò rẹ̀. Ní orí tí ara rẹ̀ dá, nǹkan bí 85 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún irun ló ń dàgbà lọ́wọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ tó kù ló ń sinmi. Ìdí nìyẹn tí irun 50 sí 100 fi lè bọ́ lóòjọ́ láìsí pé àrùn kankan wà níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ló ń fọ irun rẹ̀ yóò bá òṣùṣù irun lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó bá fọ̀ ọ́, nítorí gbogbo èyí tó ti bọ́ láti ọjọ́ wọ̀nyí ló jáde pa pọ̀. Fífọ̀ kọ́ ló já wọn, kò sì yẹ kí ó tìtorí bẹ́ẹ̀ sá fún omi àti ọṣẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di oṣù mẹ́ta ìsinmi yẹn mú, nítorí àìmọ̀ ọ́n ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Nígbà tí ohun ńlá kan bá kọlu ara, ọ̀pọ̀ irun tó yẹ kó ṣì máa dàgbà yóò bọ́ sí ìsinmi lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn yóò sì jọ bọ́ ní nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ohun ńlá yẹn lè jẹ́ ibà líle, iṣẹ́ abẹ, ìbímọ, ọ̀fọ̀, tàbí fífọn lójijì nítorí pé a ń dín oúnjẹ kù. Ká ní obìnrin kan bímọ ní oṣù kìn-ín-ní. Ní gbogbo àkókò oyún, họ́mọ́ọ̀nù ara rẹ̀ ti di irun rẹ̀ mú, ó sì kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹrin, tí ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, irun bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ ní ìkúnwọ́ ìkúnwọ́. Kò rántí ìbímọ mọ́. Ọṣẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ń fura sí. Òmíràn tilẹ̀ máa ń rò pé ọmú tí òun ń fún ọmọ ló fà á, a sì fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ọmú kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

Irú irun bíbọ́ báyìí a máa bani lẹ́rù gidigidi, àmọ́ kì í sọ ènìyàn di apárí. Bí ohun tó fà á bá ti kọjá, bíbọ́ náà sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà, irun kúkúrú tuntun yóò sì máa yọ lẹ́bàá iwájú orí. Kí ó tó kún padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lè gba ọdún kan, nítorí sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù ni ẹsẹ̀ irun ń gbé. Níhìn-ín gan-an ni ọ̀pọ̀ òróró ti ń gba ìyìn tí kì í ṣe tiwọn: ẹni tó ra òróró ní oṣù kẹrin, tí irun rẹ̀ dúró ní oṣù kẹfà, yóò fi gbogbo ẹnu jẹ́rìí sí òróró náà, kò sì purọ́, ohun tó rí ló sọ. Ara ló wo ara rẹ̀ sàn.

Bí bíbọ́ náà bá kọjá oṣù mẹ́fà, ó yẹ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Àìtó èròjà irin nínú ẹ̀jẹ̀, pàápàá fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń pọ̀ jù, àti àìṣedéédéé ẹṣẹ́ táírọ́ìdì tó wà ní ọrùn, wà lára ohun tí dókítà yóò kọ́kọ́ wá. Àwọn oògùn kan náà lè fà á, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn tí dókítà kọ fún un dúró fúnra rẹ̀ nítorí irun. Ní ti oògùn jẹjẹrẹ, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀: kì í dúró de oṣù mẹ́ta, irun tó ń dàgbà lọ́wọ́ ló ń gé lulẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré. Ó sì máa ń hù padà lẹ́yìn ìtọ́jú fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn aláìsàn, nígbà mìíràn pẹ̀lú àwọ̀ tàbí ìrísí mìíràn.

Ṣé láti ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni orí pípá ti ń wá?

Rárá. Ohun tí ènìyàn jogún láti ọ̀dọ̀ ìyá ní ipa tó lágbára, ṣùgbọ́n ti bàbá náà wà níbẹ̀, nítorí náà wíwo orí bàbá ìyá rẹ nìkan kò tó láti mọ bí tìrẹ yóò ṣe rí. Fìlà kò fà á, gèlè kò fà á, bẹ́ẹ̀ ni fífá orí kò lè mú kí irun ki tàbí kí ó pọ̀ sí i. Irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá kàn dà bí èyí tó nípọn nítorí pé ẹnu rẹ̀ tí a gé kò rí ṣóńṣó mọ́ ni.

Ohun méjì ló pàdé níbẹ̀: ìjogún àti họ́mọ́ọ̀nù. Họ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè ní testosterone wà nínú ara tọkùnrin tobìnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ọkùnrin pọ̀ jù. Èròjà kan nínú ara a máa sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di òmíràn tó lágbára jù ú lọ, tí àwọn dókítà ń pè ní DHT. Ihò irun tó wà níwájú orí àti ní àtàrí àwọn kan kò lè gba DHT mọ́ra. Nígbàkígbà tí irun bá bọ́ níbẹ̀ tí òmíràn sì hù, èyí tó hù yóò tín-ín-rín ju ti ìṣáájú lọ, kò sì ní pẹ́ kó tó bọ́, títí tí yóò fi dà bí irun wínníwínní tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Irun ìpàkọ́ àti ti ẹ̀gbẹ́ etí kò bìkítà fún DHT, ìdí nìyẹn tí apárí fi máa ń ní irun tó yí ẹ̀yìn orí rẹ̀ ká. Ní ti obìnrin, iwájú orí sábà máa ń wà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ojú ìlà tí wọ́n là sí àárín orí yóò máa fẹ̀ sí i. Bí nǹkan oṣù obìnrin bẹ́ẹ̀ kò bá sì lọ déédéé, tí irun ń hù sí àgbọ̀n rẹ̀, kí ó sọ fún dókítà kí wọ́n lè yẹ họ́mọ́ọ̀nù rẹ̀ wò.

Bí wọ́n ṣe mọ èyí dùn ún gbọ́. Ní ọdún 1942, James Hamilton, oníwádìí ará Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá. Orí àwọn tí wọ́n tẹ̀ kí wọ́n tó bàlágà kò pá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fún wọn ní testosterone, orí àwọn tí ìdílé wọn ní orí pípá bẹ̀rẹ̀ sí í pá. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1974, Julianne Imperato-McGinley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn ọkùnrin kan ní Dominican Republic tí ara wọn kò lè ṣe DHT bó ṣe yẹ láti inú oyún wá. Iwájú orí wọn kì í pá, prostate wọn, ìyẹn ẹṣẹ́ tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, kì í sì í tóbi lọ́jọ́ ogbó. Èrò tó jáde láti inú ìyẹn ni pé, bí a bá dín DHT kù, a lè ran prostate àti irun lọ́wọ́. Bí finasteride ṣe dé nìyẹn: wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà fún prostate ní 1992, wọ́n sì fọwọ́ sí hóró mílígíráàmù 1 fún irun ọkùnrin ní 1997.

Èwo nínú oògùn ló ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́?

Fún orí pípá ti ìjogún, méjì ló ní ẹ̀rí tó dúró jù. Ọ̀kan ni minoxidil. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń gbé mì ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í hu irun sí ojú àti apá, wọ́n wá sọ ọ́ di olómi tí a ń fi pa orí, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i fún ọkùnrin ní 1988. Awọ orí la ń fi pa, kì í ṣe irun. Mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí ohun kan tí wọn kì í sọ fún àwọn tó ń rà á: ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, irun lè bọ́ sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé oògùn náà ń ti irun tó ń sinmi kúrò lójú ọ̀nà kí tuntun lè jáde. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ igò rẹ̀ nù. Kò ṣeé dá lẹ́jọ́ kí ó tó pé oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Bí a bá sì dá a dúró, èrè tó ti mú wá yóò lọ láàárín oṣù díẹ̀, nítorí kò wo ìjogún sàn, ó kàn ń dì í mú ni. Kí aláboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú má ṣe lò ó.

Finasteride ni èkejì, ti ọkùnrin sì ni. Ìwọ̀nba ọkùnrin ló máa ń rí i pé ìfẹ́ ìbálòpọ̀ àwọn dínkù tàbí pé nǹkan ọmọkùnrin àwọn kò le bó ṣe yẹ. Àwọn kan a sì máa ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kò gbọdọ̀ fi í pa mọ́. Aláboyún kò gbọdọ̀ gbé e mì, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan hóró rẹ̀ tó fọ́, nítorí ó lè pa ọmọ ọkùnrin tó wà nínú oyún lára. Ohun mìíràn wà tó ṣe pàtàkì: ó máa ń gé iye PSA, èyí tí wọ́n fi ń ṣọ́ jẹjẹrẹ prostate, sí nǹkan bí ìdajì, nítorí náà ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí wọ́n tó ka àbájáde àyẹ̀wò rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ ìgbìrun a máa kó irun láti ìpàkọ́ lọ síwájú. Norman Orentreich ló fi hàn ní 1959 pé irun tí a ṣí nípò kì í gbàgbé ibi tó ti wá, pé irun ìpàkọ́ tí a gbìn síwájú orí kò ní pá bí ti iwájú. Àmọ́ kì í ṣe fún ibi tí àrùn ṣì ń jà lórí awọ, ẹni tí àpá rẹ̀ máa ń wú kọjá ojú ọgbẹ́ sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí abẹ tó kàn án.

Ní ti hóró bíótíìnì, irú fítámì kan, tí gbogbo ènìyàn ń gbé mì, èmi kò rí ìdí fún un lára ẹni tí kò ṣaláìní in, àìní rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n. Ó lè ba àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jẹ́, títí kan ti táírọ́ìdì àti èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọkàn ti ní ìkọlù. Àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa èyí ní 2017. Fítámì A tó pọ̀ jù nínú ara pẹ̀lú a máa já irun, èyí tó túmọ̀ sí pé hóró tí a rà láti fi gba irun là lè wà lára ohun tó ń pa á run.

Ojú kan tó pá roboto ńkọ́?

Bí irun bá ṣàdédé lọ níbì kan bí ojú owó ẹyọ, tí ibẹ̀ dán, tí kò ní ìpẹ́, tí kò sì yún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ alopecia areata. Àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa gbógun ti kòkòrò àrùn ló ṣi irun mú fún ọ̀tá. Nǹkan bí ènìyàn 2 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń ní in nígbà kan láyé wọn. Kò ràn, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má sì fi bú ọmọdé tó bá ní in. Ihò irun kò kú níbẹ̀. Ojú kékeré sábà máa ń hù padà láàárín ọdún kan, irun àkọ́kọ́ tó yọ a sì máa funfun nígbà mìíràn. Dókítà lè gún abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, oògùn tó ń rẹ ogun ara sílẹ̀, sí ojú ibẹ̀. Fún ẹni tí tirẹ̀ ti gba orí púpọ̀, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí baricitinib fún àgbàlagbà ní 2022, àti ritlecitinib láti ọmọ ọdún 12 sókè ní 2023. Wọ́n ń rẹ ogun ara sílẹ̀, nítorí náà a kì í lò wọ́n láìkọ́kọ́ wá ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àkóràn mìíràn nínú ara.

Ṣùgbọ́n bí ojú ibẹ̀ bá ń hó bí ìpẹ́, tó ń yún, tí irun rẹ̀ kán mọ́ awọ bí àmì dúdú wẹ́wẹ́, pàápàá lórí ọmọdé, làpálàpá orí ni ká fura sí, ìyẹn sì ń ràn nípa òòyà, fìlà àti ẹ̀rọ ìgẹrun. Ìpara nìkan kò tó o, nítorí inú irun ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé. Oògùn gbígbé mì bíi griseofulvin tàbí terbinafine, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ bí dókítà bá ṣe kọ ọ́, ló ń dé ibẹ̀. Ìpara tó ní sítẹ́rọ́ìdì nínú máa ń pa ìyún rẹ̀ mọ́, àrùn náà á sì máa gbilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Èyí tí kì í dúró deni

Mo fi èyí sẹ́yìn nítorí òun ló ká mi lára jù. Irun tí a ń fà le koko lójoojúmọ́, ì báà jẹ́ dídì, kíkó, síso mọ́ ẹ̀yìn, tàbí irun àtọwọ́dá tó wúwo tí a so mọ́ ọn, yóò kọ́kọ́ lọ lẹ́bàá iwájú orí àti ní ẹ̀bátí. Ara máa ń kìlọ̀. Orí a máa fọ́ni lálẹ́ ọjọ́ tí a ṣe irun, awọ ìdí irun a gbé sókè bí àgọ́ kékeré, roro kéékèèké a sú sí ẹ̀bá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n ti kọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni irun tó dára ṣe ń ṣe, pé yóò rọ̀ tó bá di ọ̀la. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irun tó bá ń dùn wá ti le jù, kí a tú u. Bí a bá dẹwọ́ ní kùtùkùtù, irun yóò hù padà. Bí a bá fi ọdún pípẹ́ fà á, awọ ibẹ̀ yóò di àpá.

Òmíràn wà tó ń bẹ̀rẹ̀ ní àtàrí, tó sì ń fẹ̀ yíká bí omi tó dà sórí ilẹ̀. CCCA ni àwọn dókítà awọ ara ń pè é ní gígékúrú, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ti kọjá ọmọ ọgbọ̀n ọdún ló sì wọ́pọ̀ lára wọn jù. Ó lè yún, ó lè ta, ó sì lè má ṣe nǹkan kan rárá títí irun yóò fi lọ. Nígbà mìíràn, kíkán tó mọ sí àtàrí nìkan ni àmì àkọ́kọ́. Wọ́n ti ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọwọ́ tí àwọn obìnrin fi ń ṣe irun wọn, ṣùgbọ́n ní 2019 ìwádìí fi hàn pé àwọn kan nínú wọn jogún àyípadà nínú àbùdá kan tó ń jẹ́ PADI3. Abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì àti oògùn bíi doxycycline lè pa iná rẹ̀, kí ó má baà tàn síwájú. Ihò tó ti kú kò ní jí. Èyí ló mú kí oṣù mẹ́fà tí a fi ń dán òróró wò lórí irú orí bẹ́ẹ̀ jẹ́ àdánù tí owó kò lè rà padà.

Nítorí náà, ẹ dúró síwájú dígí pẹ̀lú fóònù yín, ẹ ya àwòrán ibi tó ń lọ náà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti mọ́ dáadáa, kí ẹ sì fẹ àwòrán náà lójú. Bí ẹ bá rí ihò wẹ́wẹ́ káàkiri, ìrètí wà fún irun. Bí awọ ibẹ̀ bá dán, tó tẹ́jú bí ojú dígí, tí ihò kankan kò hàn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yẹn parí láìwá dókítà awọ ara. Ẹ mú àwòrán náà dání, ẹ kọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sílẹ̀, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ní oṣù mẹ́ta ṣáájú kí irun tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ẹ tú irun yín kí ẹ tó lọ, ẹ má sì fi ohunkóhun pa á. Dókítà lè rọra fa irun bí ogójì sí ọgọ́ta láti mọ iye tó ń tẹ̀ lé ọwọ́, ó lè fi gíláàsì amúǹkantóbi wo awọ, bí ó bá sì fura sí àrùn tó ń sọ awọ di àpá, yóò ní òun fẹ́ gé awọ tó kéré gan-an lọ fún àyẹ̀wò. Wọn yóò pa ojú ibẹ̀ kú kí wọ́n tó gé e, kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ gbà fún un.